Kápẹ́ẹ̀tì Bàbá Àgbà àti Pákó Ìrókò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a fi ń tẹ ilẹ̀ ńkọ́? Kí ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ bá nílẹ̀ nígbà tí a bá wọ inú ilé? Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì àti pákó ni mo gbé wá sí inú ìwé tí àwọn yòókù ti ń kọ nípa ọba, ogun àti oríkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàrá kan ní ilé wa ní Iléṣà kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò rí kọ́ nínú kíláàsì, òun náà ni ó sì mú mi sọ ọ̀rọ̀ kan sí bàbá àgbà mi tí mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà. Bàbá tí ó bí bàbá àgbà mi ni ó kọ́ ọ, ọdún 1956 ni ó sì parí rẹ̀. Òṣómàáló ni bàbá náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà yóò rántí àwọn oníṣòwò aṣọ wọ̀nyí, tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Bí onígbèsè bá ní òun kò tíì rí owó, òṣómàáló yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Bàbá àgbà mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ilẹ̀ ilé onílé ni bàbá òun lóṣòó sí fún ogún ọdún kí ó tó ní ilẹ̀ ilé tirẹ̀.

Nígbà tí ó wá fẹ́ ṣe ilẹ̀ náà, kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó fi sìmẹ́ńtì ṣe ti ìsàlẹ̀. Ní òkè, ó gbé àwọn ìtì igi dábùú láti ògiri dé ògiri, ó sì tẹ́ pákó ìrókò lé wọn lórí. Bí ọ̀pọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìgbà náà ti rí nìyẹn. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó tó di pé ó tàn ká àwọn ìlú òkè. Ìrókò tí wọ́n lò ní ilé wa nípọn, ó sì wúwo. Ìyàwó òṣómàáló yìí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ńlá, ni ó ni yàrá tí ó tóbi jù ní òkè. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú ní 1991, yàrá Ìyá Ńlá ni a ṣì ń pè é.

Kápẹ́ẹ̀tì dé yàrá náà ní 1975. Bàbá àgbà mi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé nígbà náà, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ti jábọ̀ fún ìjọba ní 1974 pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí owó náà jáde ní 1975, wọ́n san ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò ní rédíò rà á, ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ra alùpùpù. Bàbá àgbà lọ sí Ìbàdàn, ó ra kápẹ́ẹ̀tì pupa kan tí ó bo ilẹ̀ yàrá ìyá rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wálé. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Wọ́n ní ọjọ́ méje ni Ìyá Ńlá fi kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó ń gbà dé ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ó wá gbà láti máa tẹ̀ ẹ́, ó ń fọ ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé. Ilé onílé ni ọkọ rẹ̀ ti ń lóṣòó, oko kókó ni òun ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn; ọmọ rẹ̀ ni ó wá tẹ́ ohun rírọ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí èmi gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n rántí.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2023, gbogbo wa wà ní Iléṣà fún ọdún. Ọyẹ́ mú gan-an. Eruku bo ewé, ó bo fèrèsé, ètè gbogbo wa ń là. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Nítorí pé àlejò pọ̀, àwa ọmọ tẹ́ fóòmù sí orí kápẹ́ẹ̀tì ní yàrá Ìyá Ńlá, ibẹ̀ ni a sùn sí. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ohùn kan tí ó dà bí fèrè. Àyà ọmọ náà ni. Ó ti dìde jókòó, ó gbé èjìká méjèèjì sókè, ojú rẹ̀ sì ń wò mí láìlè sọ̀rọ̀. A wá ẹ̀rọ kékeré tí ó ń fín sí ẹnu, a rí i, ṣùgbọ́n oògùn inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bàbá mi wa ọkọ̀ bí ẹni tí a ń lé. Màmá mi gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń ka èémí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n tètè fún un ní atẹ́gùn àti oògùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà bi wá léèrè ibi tí ọmọ náà sùn. A sọ fún un. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé àwọn kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí awọ ara tí ó ń ré bọ́ lára wa jẹ́ oúnjẹ wọn. Inú fóòmù, ìrọ̀rí àti kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbé. Ìgbẹ́ wọn á máa dàpọ̀ mọ́ eruku, a ó sì máa fà á símú. Kò sọ pé kápẹ́ẹ̀tì ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀. Ó ní ọyẹ́ wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀, òtútù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní irú àyà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó sùn sí ojú kápẹ́ẹ̀tì tí ó ti pẹ́.

Bí mo ti padà délé ni mo bá Bàbá àgbà ní yàrá Ìyá Ńlá tí ó dúró láàárín ilé. Ó bi mí pé ọmọ ńkọ́. Dípò kí n kọ́kọ́ dá a lóhùn, ẹnu mi já. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ìdọ̀tí ọdún méjìdínláàádọ́ta ni ẹ tẹ́ sílẹ̀ tí ẹ ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì. Òun ni yóò pa ọmọ yìí.” Bàbá kò fèsì. Ó wo ilẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tí mo dúró lé lórí rọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹyin yẹn dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, a pe ìpàdé ẹbí nítorí ilẹ̀ yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, a sì gbé e sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Wọ́n ní kí a má da ara wa láàmú. Wọ́n ní ní ilé àwọn níbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí àtẹ̀gùn ni kápẹ́ẹ̀tì wà, àwọn ọmọ àwọn sì ń mí dáadáa. Kí a ká èyí tí ó gbó kúrò, àwọn yóò fi owó ránṣẹ́ kí a tẹ́ tuntun.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìlú òtútù ni wọ́n wà, ilẹ̀ tútù sì ń mú ẹsẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kápẹ́ẹ̀tì ń bá wọn pa ooru mọ́. Láti 1901 tí Hubert Cecil Booth ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó ń fa eruku ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀, títí ó fi di ohun tí ó wà ní ilé tẹrú-tọmọ. Iná mànàmáná wọn kì í sábà lọ. Ṣùgbọ́n ní Iléṣà, òtútù wa kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Eruku ni ó ń wá ní ọdọọdún láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é. Iná wa sì ni a ṣì ń pè ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti dópin láti 2005. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọkàn tán an pé yóò wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí a fẹ́ gbálẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Màmá mi ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ mú kí ilé pa rọ́rọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, bí a bá tẹ́ tuntun, ta ni yóò máa gbá a? Láti ọdún tí mo ti wọ ilé yìí, nígbàkigbà tí a bá wálé, èmi ni mò ń tẹ̀ ba gbá ti yàrá yìí. Ìgbálẹ̀ ni mo fi ń gbá a. Bí mo bá ti ń gbá a ni eruku ń dìde, bí mo bá ti jáde ni ó tún ń balẹ̀ sí ibi tí ó wà. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé n kò gbá nǹkan kan kúrò níbẹ̀.” Kò sí ọkùnrin kankan nínú wa tí ó ti ronú kan ìyẹn rí.

Àbúrò bàbá mi kan dá a lábàá pé kí a lẹ táìlì. Bàbá mi dáhùn pé lórí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n òkè tí ó jẹ́ pákó lórí ìtì igi máa ń mì díẹ̀ bí ènìyàn bá ń rìn, táìlì kò sì fẹ́ ohun tí ó ń mì. Yóò sán, ìwúwo rẹ̀ yóò sì tún di ẹrù lé igi tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹlòmíràn dárúkọ lẹ́dà tí a ń nà sílẹ̀. Òun kò wọ́n, aṣọ tútù ni a fi ń nù ún. Ṣùgbọ́n bí omi bá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò ní rí ibi jáde, pákó ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí a ti ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku méjì: kí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, tàbí kí a ṣí pákó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kí a sì tún un ṣe.

Ìyá àgbà kò kọ́kọ́ fara mọ́ pákó. Wọ́n ní ara àwọn kò gbé ìṣubú mọ́. Bí àwọn bá yọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn lè dìde, bí ó bá jẹ́ orí pákó dídán, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Wọ́n tún ní àwọn ayálégbé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò máa gbọ́ gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ wa. Òótọ́ ni méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí ń jà nítorí ilẹ̀. Ilẹ̀ lílù ni ti ilé bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. A ó po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, a ó fi ọwọ́ pa á sílẹ̀, yóò gbẹ, yóò sì jọ̀lọ̀. Àwa obìnrin ni a ń pa á. Bí ó bá tún fẹ́ máa là, a ó tún un pa.” Mo rò ó nínú ara mi pé kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi ọgbọ́n tọ́jú ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ ní Ìta Yemòó àti ní ibòmíràn. Àwọn àpáàdì náà wà ní ìdúró, wọ́n fara ti ara wọn, iṣẹ́ náà sì ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí Ìyá àgbà àti ìtàn Ifẹ̀ dárúkọ yìí, kò sí èyí tí kò ṣeé gbá mọ́.

Gbogbo wa wá kọjú sí Bàbá àgbà. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Mo mọ ohun tí ó fà á, ara mi kò sì balẹ̀. Mo dìde, mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní iwájú wọn, orí kápẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ gidi.” Imú mi kan ilẹ̀. Òórùn eruku, òórùn àpapọ̀ gbogbo ọdún tí n kò tíì dé ayé, wọ inú imú mi, mo sì sín lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá wò mí, wọ́n ní, “Dìde, kí a má tún gbé ìwọ náà lọ sí ọsibítù.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ìyá mi ni mo rà á fún. Ìyá mi ti lọ. Ẹ ká a.”

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án; wọ́n ní ọwọ́ tí ó tẹ́ ẹ ni yóò ká a. A so aṣọ mọ́ imú. Bí a ti ń ká a, iyanrìn fíníníní kan ń dà láti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń ku èlùbọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni a bá ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí kápẹ́ẹ̀tì má baà ha pákó. Ti oṣù kẹjọ ọdún 1975 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, kété lẹ́yìn tí wọ́n yọ Gowon nípò ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje tí Murtala Muhammed sì gba ipò. Bàbá jókòó sí orí àpótí láàárín eruku, wọ́n ń kà á bí ẹni pé òwúrọ̀ yẹn ni wọ́n mú un wá. Màmá mi ní láti gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn.

Abẹ́ ìwé ìròyìn ni pákó wà. Káfíńtà tí a pè fi èékánná ha á, ó ta ìṣó sí i, ó ní, “Ìrókò ni. Ikán kò rí i jẹ.” Ìrókò, igi tí àwọn onímọ̀ igi ń pè ní Milicia excelsa, wà lára àwọn igi ilẹ̀ wa tí inú rẹ̀ ń kọ ikán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹ̀bá fèrèsé tí ó kọjú sí ibi tí òjò ti ń fẹ́ wá, ìtàn yí padà. Òjò ti ń ta wọlé níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí pákó ìbá wà ní gbangba, a ìbá rí omi náà, a ìbá nù ún. Kápẹ́ẹ̀tì gbà á mu, ó sì dì í mú lé pákó lórí. Pákó márùn-ún ti jẹrà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ ń wọ inú wọn bí ẹní gún iṣu sísè. Ẹni tí ó bá dúró lójú fèrèsé yẹn ní ọdún díẹ̀ sí i, orí ayálégbé ìsàlẹ̀ ni ì bá balẹ̀ sí.

Káfíńtà náà kò jẹ́ kí a kánjú. Ó ra pákó ìrókò márùn-ún ní ilé ìlagi, ó sì kọ̀ láti kàn wọ́n. Ó tò wọ́n sí yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi igi pẹlẹbẹ là wọ́n láàárín kí atẹ́gùn lè kọjá. Ó ní igi tí a kàn ní tútù yóò sún kì nígbà ọyẹ́, yóò sì la ẹnu sílẹ̀ fún aáyán. Bí ó bá sì jẹ́ pé nígbà ọyẹ́ ni a kàn án, tí igi ti gbẹ dáadáa, kí a má ṣe fún un mọ́ ògiri. Kí a fi àlàfo tí ó tó ìka kan sílẹ̀ yíká, nítorí pé bí òjò bá dé, igi yóò wú, bí kò bá sì rí ààyè, yóò gbé ara rẹ̀ sókè. Ó tún kìlọ̀ kan tí ó yà mí lẹ́nu: lẹ́búlẹ́bú ìrókò fúnra rẹ̀ kò dára fún imú, ó lè mú kí ẹni tí ó ní ikọ́ fée máa mí fúkẹ́fúkẹ́. Nítorí náà a kó àbúrò mi lọ sí ilé àwọn òbí màmá mi ní Òṣogbo títí tí wọ́n fi ha pákó tán, tí wọ́n fi fánìṣì sí i, tí òórùn rẹ̀ sì lọ. Ẹ kíyè sí i: ohun tí a ń tọ́jú ilé sí nítorí ọmọ lè kọ́kọ́ pa á lára kí ó tó wúlò fún un.

Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù fún kápẹ́ẹ̀tì tó iṣẹ́ náà, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ tí a fi tún fèrèsé ṣe. Bí kò bá jẹ́ pé pákó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó náà kì bá tó rárá. Ìrókò tí ó kún yàrá kan kì í ṣe owó olówó kékeré lónìí, nítorí pé a ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀ ní igbó wa, èyí tí a gbìn rọ́pò rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí náà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà sọ fún ẹni tí ó ń kọ́ ilé tuntun pé kí ó lọ tẹ́ ìrókò. Ohun tí mo lè sọ fún ẹni tí ó bá bá pákó nílẹ̀ ni pé kí ó wò ó dáadáa kí ó tó bò ó.

Ǹjẹ́ ohun gbogbo wá dára tán bí? Rárá o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a parí, Ìyá àgbà wọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí òtútù, wọ́n yọ̀, bí kì í bá ṣe pé wọ́n di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, ohun tí wọ́n sọ ì bá ṣẹ. Láti ìgbà náà, a tẹ́ rọ́ọ̀gì kékeré kan sí ẹ̀bá ibùsùn, a lẹ rọ́bà mọ́ abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀, a sì ń gbé e lọ sí oòrùn ní gbogbo Sátidé kí a fi igi lù ú. Ayálégbé ìsàlẹ̀ wá fi ẹjọ́ sùn pé bàtà wa ń dún bí ìlù ní òru. Àwa náà wá ń bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ńlá ti ń fọ ẹsẹ̀. Àbúrò mi ṣì ní ikọ́ fée. Ẹ̀rọ kékeré náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀ níbikíbi tí ó bá ń lọ, oògùn inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tán mọ́. Ṣùgbọ́n ní Kérésìmesì 2024, nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ọmọ náà sùn sí yàrá Ìyá Ńlá ní òru mẹ́fà, kò sì sí èyí tí a fi gbé e jáde nínú wọn. Bóyá nítorí ilẹ̀ ni, bóyá nítorí oògùn tí ó ń lò déédéé ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Màmá mi ń gbá yàrá náà ní àràárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti aṣọ tútù, wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n gbá jọ hàn mí nínú àwo ìkódọ̀tí. Wọ́n ní, “Wò ó. Lónìí, ó jáde.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwa náà yóò kọ́lé, tàbí tí a ó tún ti bàbá wa ṣe. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí a ó tẹ́ sílẹ̀, kí a má kàn wo ohun tí ó wà ní ilé ọ̀rẹ́ wa. Kí a bèèrè ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ àti bí àyà rẹ̀ ti rí. Kí a bèèrè ẹni tí yóò máa gbá a, kí a sì bi òun fúnra rẹ̀. Kí a wo ibi tí òjò ń gbà wọlé. Kí a ro ti àgbà tí ó lè yọ̀, àti ti ẹni tí ó ń gbé ní abẹ́ wa. Bí ohun kan bá sì ti wà nílẹ̀ kí àwa tó dé, kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ́ ẹ pé kí ni ó rí tí ó fi tẹ́ ẹ. Ìyẹn ni èmi kò bèèrè. Mo ka ìwé nípa eruku, n kò ka Bàbá kún.

Bàbá àgbà gé apá kan nínú kápẹ́ẹ̀tì náà, kò gùn ju apá ènìyàn lọ. Wọ́n fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Iwájú àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, níta gbangba tí atẹ́gùn wà. Bí mo bá lọ kí wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń dọ̀bálẹ̀ sí, n kì í tẹ̀ ẹ́.